Ẹ padà lọ wo àwọn tó gba maṣíìnì

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí àwòrán tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, ti àwọn ọmọbìnrin tí ẹgbẹ́ aláàánú kan fún ní maṣíìnì ìránṣọ. Inú mi dùn sí i. Àmọ́ ta ni yóò padà lọ wò wọ́n ní ọdún méjì òní?

Aránṣọ ni mí ní Ọ̀jẹ́, ó sì ti lé lógún ọdún tí mo ti ń kọ́ ọmọ níṣẹ́. Ní 2021, ẹgbẹ́ kan wá sí àdúgbò wa, wọ́n fún mẹ́fà nínú àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fíríìdọ̀ọ̀mù lọ́dọ̀ mi ní maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ya fọ́tò, àwọn ọmọ fọwọ́ síwèé, ó parí. Nígbà tí ọdún yí po, wọ́n kọ ọ́ pé àwọn ti sọ ọmọbìnrin mẹ́fà di ọ̀gá ara wọn.

Èmi náà ní ìwé tèmi, ẹlẹ́yìn pupa, tí mo ń kọ orúkọ gbogbo ọmọ tó bá jáde lọ́dọ̀ mi sí. Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, mo máa ń pè wọ́n. Nínú àwọn mẹ́fà yẹn, mẹ́ta ló ṣì ń ránṣọ. Ọ̀kan ta tirẹ̀ láti fi san owó ilé ìwòsàn ìyá rẹ̀. Ọ̀kan bá ọkọ lọ sí Èkó. Ẹ̀kẹfà kò rówó gba ṣọ́ọ̀bù. Mo lọ wo maṣíìnì tirẹ̀ ní yàrá ìyá rẹ̀: wọ́n gbé abọ́ gààrí lé e, bẹ́líìtì rẹ̀ ti já, àjákù aṣọ kan ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, abẹ́rẹ́ sì ti dípẹtà mọ́ aṣọ náà. Omijé bọ́ lójú mi, torí ọwọ́ ọmọ yẹn dára ju tèmi lọ.

Àwọn márùn-ún míì ṣe fíríìdọ̀ọ̀mù lọ́dún yẹn kan náà, ẹnikẹ́ni ò fún wọn ní nǹkan kan. Mẹ́ta nínú wọn ṣì ń ránṣọ! Àjọ ni wọ́n dá tí wọ́n fi ra maṣíìnì. Mo mọ̀ pé èèyàn mọ́kànlá kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó kó ìrònú bá mi. Bí ẹni tí a fún àti ẹni tí a ò fún bá wà lójú kan náà, kí wá ni ohun tí a fún wọn ṣe?

Ọmọ mi tó ń kọ́ nípa ọrọ̀ ajé ní Yunifásítì Ìbàdàn ló sọ fún mi pé bí àwọn onímọ̀ ṣe ń wò ó nìyẹn. Ní ìwọ̀ oòrùn Kẹ́ńyà, onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, Michael Kremer, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣẹ́ kèké láti mọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọn yóò fún ní ìwé kíkà, wọ́n wá fi wọ́n wé àwọn tí kò gbà. Lápapọ̀, máàkì àwọn ọmọ kò gòkè. Àwọn tó ti mọ̀wé dáadáa tẹ́lẹ̀ ló jàǹfààní, torí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, èdè kẹta sì ni fún ọ̀pọ̀ wọn. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló mú kí Kremer, Abhijit Banerjee àti Esther Duflo gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019. Ká ní iye ìwé tí wọ́n pín nìkan ni wọ́n kà, wọn ì bá ti jó, wọn ì bá ti yọ̀.

Ẹgbẹ́ kékeré ò nílò ìwádìí olówó ńlá. Ẹ gba nọ́ńbà ọmọ àti ti ìyá rẹ̀, torí laìnì ọmọ máa ń sọnù. Ẹ béèrè pé: ṣé o ṣì ń ránṣọ? Aṣọ mélòó lo rán lọ́sẹ̀ tó kọjá? Kí ló ń dí ọ lọ́wọ́? Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló jà jù. Ká ní wọ́n bi mí ni, owó ṣọ́ọ̀bù ọdún kan ni ǹ bá ní kí wọ́n fún wọn. Ẹ má sì rán ẹni tó fún wọn ní maṣíìnì lọ béèrè, ojú yóò tì wọ́n. Èmi tí mo kọ́ wọn níṣẹ́ gan-an, ó tó ọdún kan kí èyí tó ta tirẹ̀ tó jẹ́wọ́ fún mi.

Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́jú orúkọ àwọn ọmọ inú àwòrán yẹn. Lọ́dún méjì òní, ẹ rán oníròyìn yín sí wọn, kí ẹ sì tẹ ohun tó bá bá níbẹ̀ sí ojú ewé kan náà.

Èmi ni,
Ìyá aránṣọ, Ọ̀jẹ́, Ìbàdàn