Ẹ̀sùn lórí àwòrán ọkàn tí ẹ yà fún mi ní ẹ̀ka yín n'Íkòròdú

Ẹ̀yin alákòóso, ẹ kú iṣẹ́ o.

Èmi ò kì í kọ lẹ́tà, tí nǹkan bá dùn mí ẹnu ni mo fi ń sọ ọ́, àmọ́ mo ti wá sọ́fíìsì yín ẹ̀ẹ̀mẹta, mo pè yín títí kírẹ́díìtì mi fi tán, "a máa pè yín padà sà" náà lẹ ń sọ.

Ní 2021 ẹ fi CT scan, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, wo kálísíọ̀mù tó ti dì mọ́ iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn mi, ẹ gbé nọ́ńbà 186 jáde, bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe pọ̀ tó ni kálísíọ̀mù ṣe pọ̀ tó. Dókítà mi ní ó ti ju 100 lọ, ó kọ oògùn kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù fún mi, ó ní kí n máa rìn, ká tún un yà tó bá di bí ọdún mẹ́rin. Bàbá tó bí mi, orí ìjókòó ló kú sí lọ́mọ ọdún 54, torí náà mo ṣe gbogbo ẹ̀, gbogbo Ìgbógbó ló mọ̀ mí sí bàbá tó ń rìn láàárọ̀.

Oṣù tó kọjá ẹ tún un yà, ẹ fún mi ní 94. Inú mi dùn débi pé mo ra àmàlà oníṣàkì fún gbogbo ọmọ ṣọ́ọ̀bù (èmi náà jẹ níbẹ̀, kí n má purọ́), mo ní Ọlọ́run ti wò mí sàn, mo pa oògùn tì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ìgbà tí dókítà rí i, kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní kálísíọ̀mù kì í ṣe ẹrẹ̀ téèyàn ń fomi ṣàn dànù, tó bá ti jókòó sínú iṣan ó ti jókòó nìyẹn, pé oògùn yẹn gan-an lè jẹ́ kí nọ́ńbà gòkè díẹ̀ torí ó ń mú ọ̀rá rírọ̀ ibẹ̀ le kó má baà já. Ó ní òótọ́ ni pé nọ́ńbà lè yàtọ̀ díẹ̀ tí ọkàn bá ń sáré jù tàbí téèyàn bá mí níbi tí wọ́n ti ní kó má mí, ṣùgbọ́n kó já sí ìdajì kẹ̀? Ló bá fi báírò sàmì sí rìpọ́ọ̀tù méjèèjì: ti 2021, ẹ gé àwòrán sí ìpele ìpele tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó mílímítà 3, bó ṣe yẹ, tọdún yìí, mílímítà 5. Tí wọ́n bá gé e nípọn, kálísíọ̀mù kéékèèké á sá pamọ́. Bẹ́ríńnì lèmi ń tà ní Sábó, mi ò lè fi irinṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wọn nǹkan kan kí n wá sọ fún kọsítọ́mà pé ó ti kéré sí i. Ti 2021 tiẹ̀ kọ iye tó wà nínú iṣan kọ̀ọ̀kan, tọdún yìí, àròpọ̀ lásán.

Mi ò bèèrè owó mi o, iṣẹ́ ni mo fẹ́. Tí àwòrán tọdún yìí bá ṣì wà nínú ẹ̀rọ, ẹ tún un gé sí mílímítà 3, tí ò bá sí mọ́, ẹ tún un yà lọ́fẹ̀ẹ́, kí dókítà kan náà ka tuntun àti ti àtijọ́ pọ̀, kẹ́ ẹ sì fún mi ní sìdíì méjèèjì. Ẹ ní ti 2021 wà nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́, ẹ lọ tan kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà.

Mo ti padà sídìí oògùn mi. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ mo máa wá, ẹ má ní mánijà ò sí nílé. Ọmọbìnrin tó ń jókòó níwájú yẹn, ẹ má bá a wí o, òun nìkan ló fún mi lómi mu.

Èmi ni,
Bàbá Ìbejì, Ìgbógbó, Ìkòròdú