Sí Bùnmi, lórí owó olówó àti ilẹ̀ Grínlándì

Copenhagen, Dẹ́nmárkì
Ọjọ́ 30, Oṣù Kẹta, ọdún 2025

Bùnmi, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo sì kí Màmá ní Òkè-Àdó. Ara mi le, òtútù ti ń rọlẹ̀, àbúrò mi sì ti rí iṣẹ́. Mi ò lè fi ọ̀rọ̀ tó kù yìí dúró de orí fóònù, nítorí mo fẹ́ kí o jókòó kà á.

Láti oṣù Kìíní, nígbà tí ọmọ Trump fi ọkọ̀ òfúrufú bàbá rẹ̀ balẹ̀ sí Nuuk, olú-ìlú Grínlándì, ọ̀rọ̀ Grínlándì, erékùṣù abẹ́ Dẹ́nmárkì tí Trump fẹ́ gbà fún Amẹ́ríkà, kò kúrò lẹ́nu wa níbi iṣẹ́. Ní ìjẹta, JD Vance, igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà, dé ibùdó ológun wọn ní Pituffik, ó sì sọ níbẹ̀ pé Dẹ́nmárkì kò ṣe dáadáa fún àwọn ará erékùṣù náà. Obìnrin ará Grínlándì tí a jọ ń tọ́jú àwọn arúgbó gbọ́ ọ, kò sì sọ nǹkan kan. Ìyá rẹ̀ àgbà wà lára àwọn tí wọ́n kó kúrò ní Uummannaq lọ́dún 1953, kí ibùdó yẹn kan náà lè gbòòrò, tí wọ́n sì lọ tẹ̀ dó sí Qaanaaq, ibi tí ó ju 100 kìlómítà lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ ló ń dùn mí jù. Àwọn oníròyìn méjì kọ ọ́ sínú ìwé lọ́dún 2022 pé Ronald Lauder, ọmọ ìdílé tó ni ilé-iṣẹ́ ìpara Estée Lauder, ọ̀rẹ́ Trump láti ìgbà pípẹ́ tí ó sì ń náwó sí ìpolongo rẹ̀, ló kọ́kọ́ gbìn ín sí i lọ́kàn pé kí Amẹ́ríkà gba Grínlándì. Ní oṣù Kejì ọdún yìí, Lauder fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn New York Post pé èrò náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀gọ̀, àti pé ó ti pẹ́ tí òun ti ń bá àwọn oníṣòwò àti aṣáájú ibẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí ìdókòwò. Ènìyàn bíi 57,000 ló ń gbé ibẹ̀, òfin ọdún 2009 sì fún wọn ní ẹ̀tọ́ láti pinnu fúnra wọn bí wọ́n bá fẹ́ kúrò lábẹ́ Dẹ́nmárkì. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní oṣù Kìíní fi hàn pé ìdá 85 nínú 100 wọn kò fẹ́ di ara Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, ẹni tí kò gbé ibẹ̀ rí, tó ní owó, tó sì ní etí ààrẹ, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń rìn jìnnà ju tiwọn lọ.

Irú èyí ti pẹ́. Lọ́dún 1917, Amẹ́ríkà fi wúrà mílíọ̀nù 25 dọ́là ra àwọn erékùṣù Dẹ́nmárkì ní Káríbíánì. Lọ́dún 1946, wọ́n fi wúrà 100 mílíọ̀nù dọ́là lọ Dẹ́nmárkì fún Grínlándì, Dẹ́nmárkì sì kọ̀.

Ohun tí inú mi dùn sí nìyí: ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ní Nuuk fi òfin dè é pé ẹgbẹ́ òṣèlú kankan kò gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ ará òkèèrè tàbí lọ́wọ́ ẹni tí kò dárúkọ ara rẹ̀, ẹnì kan kò sì gbọdọ̀ fún ẹgbẹ́ kan ní ju 20,000 krónà, owó Dẹ́nmárkì, lọ. Wọ́n dìbò ní ọjọ́ 11 oṣù yìí, ẹgbẹ́ Demokraatit ló sì ṣáájú. Ọjọ́ tí Vance dé gan-an ni ẹgbẹ́ mẹ́rin fọwọ́ sí ìwé àdéhùn láti jọ ṣe ìjọba.

Bùnmi, ìròyìn rẹ nípa Olóyè tí ó fẹ́ ra fọ́ọ̀mù ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ fún ọ kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Òfin ìdìbò wa ti ọdún 2022 gba ẹnì kan láàyè láti fún olùdíje ní owó tó tó mílíọ̀nù 50 náírà, nítorí náà kò sí òfin tí yóò bá ọ kọ̀ ọ́. Jọ̀wọ́, kí o tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, bi í ní ojú Màmá ohun tí ó ń rò nípa ilẹ̀ etí odò yín, kí o sì kọ ìdáhùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi gẹ́gẹ́ bí ó ṣe sọ ọ́. Bí owó fọ́ọ̀mù ni ìṣòro, èmi, Tóyìn àti Kúnlé yóò dá a, a ó sì kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá mú owó wá sílẹ̀.

Kọ̀wé sí mi kí oṣù Kẹrin tó parí.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Fúnkẹ́