Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ọ̀pẹ Kwali ṣì wà o

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà,

Ṣé dáadáa lo wà, òtútù Kalifóníà ńkọ́? Lẹ́tà ẹ dé, mo sì rí fọ́tò igi àjàrà tó wà nínú ẹ̀, èyí tó kúrú tó yọ kókó kiri ara yẹn, mo kọ́kọ́ rò pé igi tó ti kú ni, àfìgbà tí mo ka ohun tó o kọ pé láti àwọn ọdún 1880 ni wọ́n ti gbin àwọn tó dàgbà jù ní oko àjàrà Geyserville, pé wọ́n ṣì ń so, àti pé láti 1966 ni ilé iṣẹ́ wáìnì Ridge ti ń fi èso wọn ṣe wáìnì. Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti ọ̀gbẹ́ni Paul Draper tó ń bá Ridge ṣe wáìnì, tó débi iṣẹ́ yẹn ní 1969 tí kò fẹ̀yìn tì àfi 2016. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta! Mo ka ibẹ̀ fún ìyàwó mi lẹ́ẹ̀mejì.

O wá ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò tíì fi ọ̀pẹ Kwali sílẹ̀ lọ sí oko tuntun tí wọ́n ń pè mí sí, níbi tí igi ti kúrú téèyàn á dúró nílẹ̀ dá ẹmu. Mi ò bú oko yẹn o, ẹmu ẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ tèmi, létí odò níbẹ̀, mo mọ̀ wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Ìdájí ni mo máa ń gun ọ̀kadà kúrò ní Gwagwalada, mo á so igbà mọ́ ìdí, mo á gùn ún díẹ̀díẹ̀, mo á fá ojú ibi tí mo gé lára òdòdó ẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, torí tó bá gbẹ omi ẹ̀ á dá, tó o bá sì fá a jù o ti bà á jẹ́ nìyẹn. Bàbá mi ló kọ́ mi l'Ékìtì. Ògùrọ̀ ní tiẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ló ń tanná láyé ẹ̀ tó fi ń kú, àmọ́ ọ̀pẹ, tó o bá jẹ́ kó sinmi, á tún fún ẹ.

Kèrègbè bàbá mi náà ni mo ṣì ń lò, omi lásán ni mo fi ń ṣàn án, mi ò fọṣẹ kàn án rí, torí ìwúkàrà tó ń mú ẹmu hó, ara kèrègbè àti inú afẹ́fẹ́ ló wà, èèyàn kọ́ ló ń bù ú sí i. Láàárọ̀ ó dùn bíi súgà, tó bá di ìrọ̀lẹ́ ó ti le, tó bá di ọjọ́ kejì ó ti kan. Àwọn tó ń da omi àti sakarín sí i tà láàárín ìlú, ó máa ń dùn mí dọ́kàn. Igi kẹta láti odò, kódà tó o bá di ojú mi mo lè dá ẹmu ẹ̀ mọ̀. (Kwali yìí náà ni Ladi Kwali ti wá o, ìyá amọ̀kòkò tó wà lẹ́yìn ogún náírà.)

Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni àwọn ọ̀pẹ mi tẹ́lẹ̀. Lọ́dún tó kọjá àwọn kan tó fẹ́ kọ́lé gé mẹ́rin lulẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ìgbà tí mo fi máa débẹ̀ ọ̀kan nínú wọn ṣì ń sun ẹmu nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo gbé kèrègbè sí i. Mi ò lè tà á. Mo gbé e lọ bá baba Gbágyì tó ni ilẹ̀, a jọ mu ún, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú àwa méjèèjì títí ó fi tán.

Baba ló wá ní kí n lọ ṣa ẹyìn igi kẹta yẹn, kí n gbìn ín sáyè àwọn tó lọ. Mo ti gbìn ín, oṣù ń gorí oṣù, mo ti ń rò pé kò ní hù mọ́, àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá tí méjì yọrí. Bá mi bi àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, tí àjàrà àtijọ́ kan bá kú láàárín àwọn yòókù, kí ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀, ṣé ẹ̀ka ìyá ẹ̀ ni àbí òmíì? Kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi kí òjò tó dé.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ ẹ, adẹ́mu Gwagwalada