Àjẹkù Tí A Ń Dáná Sun
Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn fún ọ̀sẹ̀ yìí

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa,

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìkórè wa tí ó kọjá, mo gba ẹ̀yìn ilé ìdáná ìjọ wa ní Ebúté Mẹ́ta kọjá, mo sì bá ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ó ń fi kànìnkànìn kán ìfófòó ọṣẹ sí ọrùn sílíńdà gáàsì. Ó ní òun ń gbóòórùn. Kò pẹ́ tí ìfófòó náà fi ń wú ní ojú kan ṣoṣo, tí ó ń bẹ́, tí ó tún ń wú. Wọ́n ti sílíńdà náà pa, wọ́n pààrọ̀ rọ́bà inú rẹ̀ tí kò tóbi ju òrùka lọ, iṣẹ́ sì ń bá a lọ. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ ìrẹsì ọjọ́ náà kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Jòhánù orí 6, ẹsẹ 12, ti ń dún sí mi létí, níbi tí Olúwa ti pàṣẹ fún àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti jẹun yó, pé kí wọ́n kó àjẹkù jọ kí ohunkóhun má bàa ṣòfò. Ẹni tí ó lè sọ búrẹ́dì márùn-ún di púpọ̀ ni ó ń ka èérún sí bẹ́ẹ̀.

Gáàsì ni àjẹkù tiwa. Epo rọ̀bì ni wọ́n ń wá nígbà tí wọ́n kàn án ní Oloibiri ní 1956. Gáàsì tí ó ń bá epo jáde láti inú ilẹ̀ kò rí ẹni gbà á, wọ́n sì ń dáná sun ún. Òfin ọdún 1979 sọ pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1984, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sun ún mọ́ láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ mínísítà. Síbẹ̀, iná náà ṣì ń jó ní Niger Delta lónìí, tí àwọn ọmọ kan fi dàgbà láìmọ bí òkùnkùn alẹ́ ṣe ń rí. Ìlànà ọdún 2018 fi owó ìtanràn sí dọ́là 2 lórí 1,000 ẹsẹ̀ kúbíìkì gáàsì fún ilé-iṣẹ́ tí ó bá ń wa àgbá epo 10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rọrùn fún láti san ìtanràn ju kí ó tún nǹkan ṣe lọ, owó-ibodè lásán ni ó ka ìtanràn náà sí.

Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Delta nìyẹn. Ọ̀pá tí ó gùn láti Escravos, ní Niger Delta, wá sí Èkó ni ó ń gbé gáàsì wá, gáàsì sì ni ilé-iṣẹ́ amúnáwá Egbin, lẹ́bàá Ìkòròdú, ń jẹ. (Ní ti èéfín jẹnẹrétọ̀ ilé olùṣọ́-àgùntàn, ìgbìmọ̀ ti bá mi sọ ọ́, mo sì ti gbọ́.)

Iná tí ń jó, ojú rí i. Èyí tí ojú kò rí ni ó ń bà mí lẹ́rù jù. Methane ni ó pọ̀ jù nínú gáàsì tí a ń wà láti inú ilẹ̀. Bí ó bá sá jáde láìjó, ooru tí yóò há mọ́ ojú ayé láàárín 20 ọdún ju ti carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tí ń jáde nígbà tí a bá sun epo tàbí igi, tí wọ́n jọ wọ̀n bákan náà lọ ní ìlọ́po 80 àti jù bẹ́ẹ̀; ṣùgbọ́n nǹkan bí ọdún 12 péré ni ó ń lò lójú ọ̀run, nítorí náà, ẹni tí ó bá dí i lónìí, ojú ara rẹ̀ ni yóò fi rí èrè rẹ̀. Ibi tí ó ń gbà jáde kò ṣòro láti mọ̀: fáàfù tí rọ́bà rẹ̀ ti jẹ, ojú ìsopọ̀ páìpù tí ó ti dẹ̀, ẹnu ọ̀pá tí iná orí rẹ̀ ti kú tí gáàsì ṣì ń tú jáde níbẹ̀. Òórùn tí ìyá ìjọ gbọ́ nílé ìdáná, ńṣe ni wọ́n fi sínú gáàsì ìdáná kí a lè tètè fura. Methane fúnra rẹ̀ kò ní òórùn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo kámẹ́rà àkànṣe tí ń fi í hàn bí èéfín, tí ìlànà tí àjọ ìjọba gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 sì fi ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ máa wá ibi tí ó ń jò, kí wọ́n dí i, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Kíkọ sílẹ̀ yìí ni mo ń bọ̀ sí. Arákùnrin kan nínú ìjọ yìí, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ gáàsì, wá bá mi lẹ́yìn ìsìn ìrọ̀lẹ́. Ó ní ọ̀gá òun ní kí òun dín iye gáàsì tí mítà sọ kù kí ìwé oṣù náà lè mọ́, òun sì ní ọmọ mẹ́ta nílé ìwé. Mi ò sọ fún un pé ọ̀rọ̀ náà rọrùn. A ka Lúùkù orí 16, ẹsẹ 10, pọ̀, lórí ẹni tí ó ṣe olóòótọ́ nínú ohun kínkínní, mo sì ní kí ó kọ ohun tí mítà wí, kí ó fi ẹ̀dà kan pamọ́ sọ́wọ́. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Àwọn ẹgbẹ́ aládùúrà yóò pàdé ní ọjọ́rú ní aago 6 ìrọ̀lẹ́. Ẹ rántí arákùnrin náà níbẹ̀, láìdárúkọ.