Lẹ́tà sí Olóòtú: Iṣẹ́ Kan, Ọ̀nà Mẹ́ta

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ẹnìkan kọ̀wé sí ojú ewé yìí pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ò ṣeé fi Yorùbá sọ, pé ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì, ká máa fi Yorùbá kí ara wa. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá mi lójú ọ̀nà Iléṣà, ní Àkúrẹ́ níbí, ni mo ti kà á. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Inú bí mi díẹ̀. Ohun tí mo fi ń jẹun nídìí kọ̀ǹpútà, ìyá mi tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò kọjá gúdù mọ́nìn ló là mí lọ́yẹ nípa rẹ̀, ìwé nótù kan báyìí ló sì fi là mí.

Àga àti kánópì ni ìyá mi ń yá àwọn èèyàn. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń pè é ní Ìyá Alága, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á sì rò pé alága ìjókòó ni, àwọn tó ń gbowó lọ́wọ́ ọkọ ìyàwó níbi ìgbéyàwó. Kò fẹ́ gbọ́ ọ rárá. Ó ní orí àga òun ni àwọn yẹn ń jókòó sí.

Èmi ní tèmi, ilé iṣẹ́ kan lókè òkun ni mò ń bá ṣiṣẹ́ láti inú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà. Ètò kan tó ń kọ́ sọ́fítíwìà la ń bójú tó. Ẹni tó kọ kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà máa tẹ̀ lé, ti ṣe tirẹ̀, àmọ́ kóòdù yẹn ò tíì di ohun tí ẹ lè gbé sórí kọ̀ǹpútà yín. Ẹ̀rọ ní láti gbà á, kó kọ́ ọ, kó sì dì í bí ẹrù. Irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lè pọ̀ gan-an nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo, òmíràn sì wà tí kò ṣeé kọ́ àfi tí òmíràn bá ti parí, torí a kì í kan páànù kí ògiri tó dúró. Koji ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ tí a fi ń kọ́ wọn, ọ̀dọ̀ àwọn Fedora tó ń ṣe irú Linux kan, ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, ló ti wá. Ètò tiwa ló ń darí Koji. Ó máa gbé ìpele kìíní fún un, á dúró títí á fi gbọ́ pé ìpele kìíní ti parí, á tún dúró gbọ́ pé wọ́n ti to àwọn ẹrù tuntun yẹn síbi tí ìpele kejì ti lè rí wọn mú, kó tó gbé ìpele kejì sílẹ̀. Nídìí gbígbọ́ yẹn ni wọ́n fi mí sí. Iṣẹ́ mi ni pé kí iṣẹ́ tí wọ́n rán dé.

Ohun tó ń gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kiri láàárín àwọn kọ̀ǹpútà, message bus ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀ fún ìyá mi, ó ní, "Bọ́ọ̀sì? Gáréèjì wo?" Mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé òun ló gbọ́ ọ ju èmi lọ. Ta ni nínú wa tí kò tíì fi wébíìlì ránṣẹ́ rí? Ẹ gbé ẹrù fún awakọ̀ ní gáréèjì tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò Oǹdó, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà sórí nílọ́ọ̀nù, ẹ sanwó, ẹ bá tiyín lọ. Awakọ̀ ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kò sì kàn án.

Àwọn message bus yìí, gáréèjì inú kọ̀ǹpútà, ò sì jọra. ZeroMQ ò ní páàkì rárá: ẹni tó ní ọ̀rọ̀ á kígbe, ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á gbọ́, ẹni tó bá lọ tọ̀ lásìkò yẹn ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa tún un sọ fún un. RabbitMQ, tó jáde ní 2007, ní akọ̀wé ní páàkì tirẹ̀. Akọ̀wé yìí á to ẹrù yín sórí ìlà, kò ní pa á rẹ́ nínú ìwé rẹ̀ àfi tí ẹ bá fọwọ́ sí i pé ẹ ti gbà á. Bí ẹ ò bá fọwọ́ sí i, á tún gbé e wá. AMQP, ìlànà ìránṣẹ́ tí RabbitMQ ń tẹ̀ lé, ilé ìfowópamọ́ JPMorgan Chase ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2003, torí ó ti sú wọn kí ètò tí wọ́n rà lọ́wọ́ ẹnìkan má lè bá ti ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Àwọn Fedora fúnra wọn, orí ZeroMQ ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó kó lọ sí RabbitMQ, nígbà tí wọ́n sì ń kó, wọ́n ní láti ṣe afárá sáàárín méjèèjì kí ará ìhín àti ará ọ̀hún lè máa gbọ́ ara wọn. Ilé iṣẹ́ tiwa tún ní ẹ̀kẹta nínú ọgbà tiwọn, ActiveMQ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀ ná, kí n sọ ti àga 200.

Oníbàárà kan ní Oǹdó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ní gbọ̀ngàn kan tí kò jìnnà sí ààfin Òṣemàwé. Àga 200, kánópì 4, ọjọ́ Sátidé. Ó sọ ọ́ sínú WhatsApp, ó rò pé kò lọ, ó wá kọ ọ́ ní tẹ́ẹ̀sì. Ọkàn rẹ̀ ò tún balẹ̀, ó kọ ọ́ sórí bébà, ó fún awakọ̀ kan tó ń bọ̀ ní Àkúrẹ́. Ọjà Ọba ni ìyá mi wà. Àbúrò mi gbọ́ WhatsApp lórí fóònù ìyá mi tó wà nílé, ó di ẹrù sínú ọkọ̀, ọkọ̀ lọ. Ní nǹkan bí wákàtí kan lẹ́yìn náà, awakọ̀ gbé bébà dé ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin tó ń bá wa tọ́jú ṣọ́ọ̀bù. Òun náà ò jáfara, ó pe ọkọ̀ mìíràn, ó kó àga 200 tó kù nílẹ̀ sínú rẹ̀. Wọ́n pàdé ní Oǹdó. Àwọn tó ń múra gbọ̀ngàn sílẹ̀ ní àwọn ò pe ẹgbẹ̀rún èèyàn, kí ni wọ́n fẹ́ fi gbogbo àga wọ̀nyí ṣe? Àwàdà ni wọ́n ń ṣe, àlejò wọn ò ju 200 lọ. Ìyá mi ló sanwó ọkọ̀ kejì lálọ àti lábọ̀, ó sanwó àwọn tó rù ú, ó tún pàdánù oníbàárà kan níbí tó wá béèrè àga 50 lọ́sàn-án ọjọ́ náà tí kò bá ẹyọ kan nílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ó ra ìwé nótù. Ó fi rúlà fàlà sí i: ọjọ́, orúkọ, àga mélòó, kánópì mélòó, ibo. Ó ní láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ti ojú fóònù gbé àga, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ ti ojú bébà gbé e. Inú ìwé yẹn nìkan ni. Kí wọ́n tó kọ nǹkan sínú rẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ wo òkè bóyá ọjọ́ yẹn àti ibẹ̀ yẹn ti wà níbẹ̀. Mo bi í pé tí ọmọ kékeré bá wá fẹnu jẹ́ṣẹ́ ńkọ́, ọmọ tí kò rántí ju "wọ́n ní ẹ gbé àga wá" lọ? Ó wò mí báyìí. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Pe àwọn tó rán an, kó o tó kọ ọ́."

Olóòtú, mo ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí ni wọ́n máa ń fi í sọ. Kò sígbà kankan tí mo rò pé ó lè tún kóòdù mi ṣe.

Torí bí kóòdù wa ṣe rí nígbà náà nìyí. Ibi mẹ́rìnlá ni a ti ń béèrè ohun kan náà: bó bá jẹ́ ọkọ̀ yìí ló gbé e wá, ka ibí, bó bá jẹ́ tọ̀hún, ka ọ̀hún. Nígbà tí ilé iṣẹ́ fi ọkọ̀ kẹta kún un, ẹni tó ṣe é tún ibi mẹ́tàlá ṣe, ó gbàgbé ọ̀kan. Ọjọ́ Àìkú ni ó já lé wa lórí. Ìpele kìíní parí láàárọ̀, ìpele kejì ò sì gbéra. Kò sí àṣìṣe tó pariwo, ètò náà kàn jókòó bí ẹni tó ń retí àlejò. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, iná ti lọ, ìyá mi ń kọ ìwé rẹ̀ lójú tọ́ọ̀ṣì, èmi sì ń fi bátìrì tó kù wo iṣẹ́ méjì tí mo tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀kan kà báyìí:

"attribute": "state", "old": 0, "new": 1

Èkejì kà báyìí:

"state": "COMPLETE"

Ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì ń sọ. Lọ́dọ̀ Koji, 0 ni pé ó ń kọ́ ọ lọ́wọ́, 1 pé ó ti parí (òun náà ni COMPLETE), 3 pé ó kùnà, 4 pé wọ́n fagi lé e. Àrokò ni. Àwọn baba wa a máa so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí ọkàn wọn fà sí, torí pé ẹ̀fà ló ń fà. Bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ sí ẹni tí kò mọ àrokò, owó ló máa kà. Ibi kan tí wọ́n gbàgbé yẹn, 1 ló ń wá. Ó rí COMPLETE, ó ní kì í ṣe 1, ó bá tún jókòó. Bí wọ́n bá rán an wá nígbà ọgọ́rùn-ún, á sọ bẹ́ẹ̀ nígbà ọgọ́rùn-ún.

Mo gbójú sókè, mo rí ìwé nótù yẹn.

Ohun tá a ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ò nira láti sọ. A fi ògbufọ̀ kan sẹ́nu ọ̀nà fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ògbufọ̀ ló máa mọ bí ọkọ̀ tirẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀, á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á kọ ọ́ sí àpótí kan náà tí gbogbo wọn ń lò: irú iṣẹ́ wo ni, ẹrù wo ló kàn, ipò wo ló wà, nọ́ńbà wo la fi dá a mọ̀. Láti ẹnu ọ̀nà sínú, kò sẹ́ni tó mọ ọkọ̀ tó gbé e wá mọ́. Ibi mẹ́rìnlá yẹn di ẹyọ kan. Iṣẹ́ tí kò kàn wá, kí ògbufọ̀ sọ ọ́ nù láìpariwo, torí ariwo ọjà pọ̀ lórí àwọn ọkọ̀ yẹn. Èyí tó kàn wá àmọ́ tí kò yé e, kó figbe ta. A jiyàn lórí èyí fún ọjọ́ méjì gbáko, àmọ́ mi ò gbà kí wọ́n fi méjèèjì ṣe ọ̀kan, torí pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló jẹ gbogbo ọjọ́ Àìkú wa.

Èyí tó bá wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ká wo ìwé bóyá a ti ṣe é, bí ti àga Oǹdó. Èyí tí kò wọlé rárá torí a lọ tọ̀ nígbà tí ZeroMQ kígbe, a ní ọmọ iṣẹ́ kan tó ń lọ bi Koji fúnra rẹ̀ léèrè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: "Ẹ̀yin ni, ibo lẹ bá a dé?" Ìyá mi náà ń ṣe é. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló máa ń pe àwọn tó ní àsè ní Sátidé lọ́kọ̀ọ̀kan. A tún ní ọkọ̀ kan tí kì í kúrò nínú ilé rárá, inú kọ̀ǹpútà kan náà ló ti ń rán ara rẹ̀ níṣẹ́, òun la fi ń dán gbogbo rẹ̀ wò kí oníbàárà tó rí i.

Ọ̀gá mi kan níbi iṣẹ́ ní kí ló dé tá a ń yọ ara wa lẹ́nu, ká kúkú fi ipá mú gbogbo ayé gba ọkọ̀ kan ṣoṣo. Mo ní kó wá bá Bàbá tó ń yá kánópì lọ́wọ́ wa láti oko sọ ọ́, pé kó lọ ra fóònù tó ní WhatsApp ní àádọ́rin ọdún. Ẹni tó ní àsè ló ń mú ọ̀nà tó máa gbà ránṣẹ́.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé ìwé nótù ò ní àbùkù. Ní oṣù kan sẹ́yìn, obìnrin kan fi ohùn ránṣẹ́, àbúrò mi sì kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe yẹ: ọjọ́, orúkọ, àga 100, kánópì 2. Àfi ìgbà tí ìyá mi tẹ ohùn yẹn fúnra rẹ̀ ló tó gbọ́ pé ẹkún wà nínú rẹ̀, pé òkú ọ̀fọ̀ ni, pé ọmọ rẹ̀ ló kú. Ọ̀wọ̀n "ẹkún" ò sí nínú ìwé. Ó yọ owó kúrò, ó sì bá àga lọ fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ní kí ètò tiwa má pa ojúlówó iṣẹ́ tí ọkọ̀ gbé wá rẹ́ lẹ́yìn tí ògbufọ̀ bá ti tú u, kó so ó mọ́ ọn lẹ́yìn. Wọ́n ní ó ń gba àyè. Mo ní kó gbà á.

Ẹni tó kọ̀wé lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, bó bá wà ní Àkúrẹ́, kó yà sí wa. Ṣọ́ọ̀bù wa ò pamọ́, àga funfun la tò síwájú rẹ̀. Kó má wá lọ́jọ́ Sátidé ṣáá, a kì í sí nílé. Bó bá sì jẹ́ pé àga ló fẹ́ yá, kó ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré.

Èmi ni,
Ọmọ Ìyá Alága,
Ọ̀nà Iléṣà, Àkúrẹ́.