Irun ajá tó dì, àti owó tí mo jẹ yín

Àǹtí Ṣadé mi,

Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ọ̀rọ̀ ìkíni pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí èyí tó ń bí yín nínú: irun ajá tí mo ní kí ẹ máa ran di òwú ti dì nígbà tí ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sì rò pé nítorí owó tí mo jẹ yín ni mo ṣe dákẹ́.

Kì í ṣe nítorí owó ni mo ṣe dákẹ́. ₦40,000 tí ẹ fi ra irun lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń sin ajá Caucasian, ajá ńlá onírun púpọ̀ yẹn, ní Rayfield ní Jos, èmi ni mo ní kí ẹ rà á, èmi ni mo jẹ ẹ́. Ó máa wọlé lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹ má rò pé mo gbàgbé.

Ẹ̀bi kan wà lọ́rùn mi lóòótọ́: mo kọ́ yín bí a ṣe ń ran án, n kò kọ́ yín bí a ṣe ń fọ̀ ọ́. Nínú fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́, irun náà ti lẹ̀ pọ̀ bíi kànrìnkàn àtijọ́. Àǹtí mi, ṣé omi gbígbóná lẹ fi fọ̀ ọ́, tí ẹ wá kó o sínú omi kànga láàárọ̀ ọyẹ́ Jos? Ṣé ẹ fọwọ́ gbo ó bí ẹni ń fọ aṣọ? Irun ẹran, tó fi mọ́ ti ajá, ní ìpẹ́ tíntìntín lára bíi ti ẹja. Tí ooru bá kàn án, tí òtútù tún kọlù ú, tí ọwọ́ sì ń gbo ó, àwọn ìpẹ́ yẹn á wọnú ara wọn, wọn kì í sì í tú mọ́. Èyí tó ti dì, ẹ má fi ipá yà á. Ẹ gé e sínú bàtà Màmá, ẹsẹ̀ wọn á móoru.

Èyí tó kù, ẹ fi kọ́tìnnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rán àpò fún un. Ẹ wá omi tó gbóná débi tí ọwọ́ fi lè gbà á díẹ̀, kí ẹ da ọṣẹ olómi tí ẹ fi ń fọ abọ́ sí i, ṣíbí méjì sí báàfù kan. Ẹ tẹ àpò náà rì, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, ẹ má rò ó. Kí omi tó tutù ni kí ẹ yọ ọ́, torí ọ̀rá ara ajá tó ti jáde á tún padà lẹ̀ mọ́ ọn. Omi tí ẹ máa fi ṣàn án gbọ́dọ̀ gbóná bíi ti àkọ́kọ́. Ẹ bu fínígà díẹ̀ sí omi ìkẹyìn. Ibòji ni kí ẹ sá a sí, kí ẹ sì da nẹ́ẹ̀tì bò ó, kí atẹ́gùn má gbé e lọ. Tó bá tún ń rùn bí ajá nígbà tí ẹ bá rẹ ẹ́, ẹ tún un fọ̀. Òórùn yẹn ni oníbàárà á kọ́kọ́ kọ̀.

Ẹ bi ọkùnrin yẹn: ṣé ìyàrun ló fi yà á, àbí sísọ́ọ̀sì ló fi gé e? Irun méjì ló wà lára Caucasian. Èyí tó le tó sì gùn wà lókè, èyí tó rọ̀ bí òwú wà lábẹ́. Ti abẹ́ là ń fẹ́, ìyàrun ló sì ń mú un jáde. Gígé á da méjèèjì pọ̀, aṣọ á máa gún ọrùn. Èyí tí kò bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5 kò ní dì mú dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta irun bíńgo fún yín. Kí ó má sì kó o sínú ọ̀rá náílọ́ọ̀nù mọ́, àpò aṣọ ló dáa. Inú ọ̀rá á làágùn, irun á sì bu.

Mo ń fi irun àgùntàn gíráàmù 500 ránṣẹ́, torí àgùntàn Yankasa àti Uda tiwa kò ní irú rẹ̀ lára. Gíráàmù 70 ti ajá, 30 ti àgùntàn, ni kí ẹ máa yà pọ̀ pẹ̀lú ìyàrun onírin méjì. Irun ajá kì í fà kó padà: súwẹ́tà tó bá jẹ́ òun nìkan á máa rọ̀ sísàlẹ̀ títí á fi di ẹ̀wù àwọ̀sùn. Ọrùn-ọwọ́ àti etí ìsàlẹ̀, ẹ fi irun àgùntàn nìkan hun ún. Ọyẹ́ á mú kí irun máa fò lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ máa wọ́n omi díẹ̀ sí i.

Mazari tí àwọn ìyá Hausa fi ń ran òwú dára ju ohun ìranwú tí mo júwe fún yín lọ. Ẹ fi ìdí rẹ̀ lé inú igbá, kí ó má rọ̀ dirodiro, ìwúwo rẹ̀ ló ń já òwú yín. Ẹ lọ́ ọ ju bí ẹ ṣe ń lọ́ irun àgùntàn lọ. Ẹ ṣẹ́ díẹ̀ po: tó bá wé mọ́ ara rẹ̀ ṣinṣin, ó tó, tó bá ká kókó bíi wáyà, ó ti pọ̀jù. Ẹ wá lọ́ òwú méjì pọ̀ sí òdìkejì, ẹ rẹ ẹ́, kí ẹ sì so ó kọ́ kó gbẹ.

Fìlà kan á gba bíi gíráàmù 100. Ó ń mú ooru gan-an, nítorí náà ẹ ta á fún ará Jos, ẹ má gbé e lọ Abuja.

Ẹ jọ̀ọ́, kí oníbàárà tó sanwó, ẹ sọ fún un pé irun ajá ni. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ò fẹ́ ohun ajá lára aṣọ tí wọ́n fi ń kírun. Alhaji pàápàá, ẹ má hun nǹkan kan fún wọn láìbéèrè.

Bọ̀dá Wálé ní ẹ̀gbin ni mò ń kó kiri ní Kánádà. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé àwọn Coast Salish, onílẹ̀ ibi tí mo wà yìí, ti ń sin ajá nítorí irun rẹ̀ kí òyìnbó tó dé, wọ́n ń pò ó mọ́ irun ewúrẹ́ orí òkè láti hun kúbùsù fún àwọn èèyàn pàtàkì. Awọ ọ̀kan nínú àwọn ajá yẹn, Mutton, tó kú ní 1859, ṣì wà ní Smithsonian, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ ni, Àǹtí mi. Mi ò tàn yín.

Gíráàmù mélòó ló kù tí kò tíì kan omi? Ẹ gbé e lé ìwọ̀n tí ẹ fi ń wọn fúláwà, kí ẹ sì fèsì kí ọjọ́ Jímọ̀ tó pé, kí n lè fi owó ìyàrun kún un.

Àbúrò yín,
Kẹ́mi