Sí Bọ́sẹ̀, nípa àwọn ìyá wa

Bọ́sẹ̀ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni òtútù ibẹ̀, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Pé o fẹ́ ra oògùn tuntun yẹn fún Màmá mi, ti Alzheimer, àrùn ìgbàgbé tó ń ba ọpọlọ àgbà jẹ́, omijé bọ́ lójú mi. Mo bi dókítà wa ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn. Lecanemab, oògùn náà tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún ní 2023, ẹni tí àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀ ni wọ́n ń fún. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fà á sínú iṣan, wọ́n á sì máa ya àwòrán ọpọlọ léraléra, torí ó lè mú kí ọpọlọ wú tàbí kó ṣẹ̀jẹ̀. Ó ń dẹ ìrìn àrùn náà díẹ̀ ni, kì í wò ó sàn. Màmá ti kọjá ibẹ̀. Má fowó ránṣẹ́ torí ìyẹn, ọ̀rẹ́ mi. Olúwa á san án fún ẹ.

Ohun tó jẹ́ kó pẹ́ jù ni pé a kò mọ̀ pé àìsàn ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní wọ́n ń ṣarán ni, pé gbogbo àgbà ló ń ṣe é. Ará ilé kan tilẹ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ àjẹ́ lẹ́yìn wọn, ìyẹn ló dùn mí jù. Ibi tí a kọ́kọ́ gbé wọn lọ, ibà ni wọ́n tọ́jú, ẹ̀ẹ̀mẹta. Bẹ́ẹ̀, ọjà Bódìjà tí wọ́n ti ń tà fún ọgbọ̀n ọdún ni Màmá ti ṣìnà.

Ní UCH, dókítà bá Màmá sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó wá kọjú sí mi: "Kí ni wọ́n máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ tí wọn kò lè ṣe mọ́?" Ó yà mí lẹ́nu pé èmi ló ń bi. Ó ní ọ̀dọ̀ àwọn olùkọ́ òun ni òun ti kọ́ ọ. Bọ́sẹ̀, ìlú rẹ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí! Ní 1992 ni ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Indiana, ní Indianapolis níbẹ̀, àti ti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí jọ ṣèwádìí nípa àrùn yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣuntókun wà nídìí rẹ̀ níhìn-ín kí wọ́n tó di olóògbé ní 1995, Hugh Hendrie wà lọ́hùn-ún. Wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Ìdíkàn, àdúgbò kan ní Ìbàdàn, wọ́n ń wá àwọn tó ti pé ẹni ọdún 65. Ọ̀pọ̀ kò ní ìwé ìbí; ìṣẹ̀lẹ̀ àtijọ́ ni wọ́n fi ń ṣírò ọjọ́ orí wọn, bí ìyá àgbà wa ṣe máa ń ní òun ti di ọmọge nígbà ogun Hitler. Ọ̀pọ̀ kò sì mọ̀wé. Bí o bá ní kí irú wọn kọ gbólóhùn sínú ìwé, wọn ò ní lè ṣe é bí ọpọlọ wọn tilẹ̀ pé. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè fi pín sí méjì: apá kan fún arúgbó, apá kan fún ẹni tó ń bá a gbé.

Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2001 ni pé nínú 100 àgbà, àrùn Alzheimer ń mú 2.52 lọ́dún lára àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis, 1.15 ní Ìbàdàn. Inú mi ì bá dùn sí iye tiwa, àmọ́ Màmá mi ni mo ń wò nígbà tí dókítà ń kà á.

Bọ́sẹ̀, ìdí tí mo fi ń kọ̀wé gùn báyìí rèé. Mo lọ kí Màmá Mọlété, ìyá rẹ, lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n pè mí lórúkọ, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣàdúrà. Àmọ́ ọmọ tó ń bá wọn gbé fà mí sí ẹ̀yìn ilé. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti gbé ìkòkò òfìfo kaná. Owó àjọ tí wọ́n ń kà láìwo ìwé tẹ́lẹ̀, wọn kò lè kà á mọ́. O ò lè gbọ́ èyí lórí fóònù lọ́jọ́ Ìsinmi. Àdúrà ni wọ́n máa ń gbà fún ẹ, àdúrà sì jẹ́ ohun tí ẹnu ti mọ̀ tipẹ́.

Má sọkún tán kí a tó mọ ohun tó jẹ́. Ó lè má jẹ́ Alzheimer rárá. Dókítà ní àìtó fítámì B12, àìsàn ẹ̀yà ara inú ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid, tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lè ṣe irú èyí, àwọn yẹn sì ṣe é tọ́jú. Ọjọ́bọ̀ ni mo fẹ́ gbé wọn lọ sí ilé ìtọ́jú àgbàlagbà ní UCH. Ọmọ yẹn á bá wa lọ, torí òun ló ń rí wọn lójoojúmọ́. Ìwọ, jókòó kí o kọ gbogbo ohun tí o rántí pé Màmá ń dá ṣe nígbà tí o wálé kẹ́yìn: ọbẹ̀ sísè, owó kíkà, ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Pè mí lálẹ́ Ọjọ́rú kí a tó lọ, bó ti wù kó pẹ́ tó.

Èmi ni tìẹ,
Ṣadé